Bàtà Ìsáré: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ti Tó Pààrọ̀?

Láàárọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá téèyàn ò ní rí àwọn tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn kan ń sá a torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kìlọ̀ fún wọn lé lórí, àwọn kan fẹ́ kí ikùn wọn fà sẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ń múra sílẹ̀ de eré ìje ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí wọ́n ti ń sá l'Ékòó láti ọdún 2016, ìyẹn Lagos City Marathon, tó ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá.

Ohun kan tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni bàtà ẹsẹ̀ wọn. Bàtà ìsáré, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pè ní kánfáàsì, kì í ṣe ohun tí owó kékeré ń rà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wọ ọ́ títí tó fi máa lu níwájú, tàbí tí sóòlù rẹ̀ máa yanu. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tójú ń rí kọ́ ni bàtà ìsáré ti ń kọ́kọ́ gbó. Inú rẹ̀ ló ti ń kú. Ó lè ti kú tipẹ́ kí òde rẹ̀ tó fi hàn, orúnkún, ojúgun àti gìgísẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sì máa ń jẹ̀yà ẹ̀.

Àlàyé ìsàlẹ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ń sáré, yálà bàtà tuntun ló rà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí òkìríkà ló ṣà lọ́jà.

IBO GAN-AN NI BÀTÀ TI Ń GBÓ?

Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la bàtà ìsáré sí méjì, ìpele mẹ́ta ló máa hàn. Tòkè ni aṣọ tó bo ẹsẹ̀, níbi tí okùn wà. Tìsàlẹ̀ ni rọ́bà tó ń kan ilẹ̀. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni fóòmù tó nípọn, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́ tìmùtìmù fún ẹsẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 wá ni àwọn tó ń ṣe bàtà ìsáré ti ń lo fóòmù tí wọ́n ń pè ní EVA fún ibi àárín yìí, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ bàtà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi mìíràn ti dé.

Inú fóòmù yìí kún fún ihò kéékèèké tí kò lóǹkà, bíi inú búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú wọn. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á fún pọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò, á tún wú padà. Bó ṣe ń fún tó sì ń wú yìí ló ń gba ipá ilẹ̀ kó tó dé ara egungun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Tí ìṣísẹ̀ ẹnì kan bá jẹ́ mítà kan nígbà tó ń sáré, á gbé ẹsẹ̀ ní ìgbà 1,000 kó tó sá kìlómítà kan. Ìyẹn ni pé bàtà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kan ilẹ̀ ní ìgbà 500. Tó bá fi máa sá kìlómítà 600, bàtà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ ní ìgbà 300,000. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ipá tó ń wà lórí ẹsẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀ nínú eré máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara èèyàn. Fún ẹni tó wọn kílò 70, bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sí mẹ́rin lé fóòmù náà lórí ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó bá yá, àwọn ihò inú fóòmù á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Fóòmù á pẹlẹbẹ, á le, kò sì ní wú padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí fóòmù rẹ̀ ti gbó mọ bó ṣe ń rí: aṣọ bẹ́ẹ̀dì lè mọ́ kó sì dára, àmọ́ àárín ti jìn, egungun ẹ̀yìn sì ń kan pákó. Bàtà ìsáré kò yàtọ̀. Bí èso ọ̀pọ̀tọ́ ni, òde rẹ̀ lè pọ́n dáadáa kí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán.

KÌLÓMÍTÀ MÉLÒÓ NI BÀTÀ KAN LÈ SÁ?

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré sísá àti àwọn tó ń ta bàtà ń lò ni kìlómítà 480 sí 800. Èèyàn tó bá tóbi, tàbí tó ń sáré lórí ibi tó le, á sún mọ́ 480. Ẹni tó fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ lórí ilẹ̀, lè sún mọ́ 800. Bàtà ìdíje tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ti dín rọ́bà àti àwọn nǹkan mìíràn kù lára rẹ̀ kó lè yá.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 fi ẹ̀rọ wọn bí agbára fóòmù ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 80 péré, bíi ìdá 75 nínú 100 agbára tí bàtà fi ń gba ipá ilẹ̀ ló ṣẹ́kù. Láàárín kìlómítà 160 sí 240, ó ku bíi 67. Nígbà tó fi máa wà láàárín 400 sí 800, kò tó 60 mọ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn gan-an wọ bàtà náà, tí kì í ṣe ẹ̀rọ, kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ó ṣì ku bíi 70 lẹ́yìn kìlómítà 800. Fóòmù ayé ìsinsìnyí ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì yí padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni bàtà ń kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ara sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìfura.

Torí náà, kìlómítà 480 kì í ṣe ọjọ́ tí bàtà gbọ́dọ̀ di jíjù nù. Ó jẹ́ ìgbà tó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ká mú kìlómítà 600 gẹ́gẹ́ bí àárín. Bó ṣe máa rí nìyí:

Ẹni tó ń sá kìlómítà 10 lọ́sẹ̀ á lo bàtà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 60, ìyẹn ọdún kan àti bí oṣù méjì.

Ẹni tó ń sá kìlómítà 15 lọ́sẹ̀ á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 40, ìyẹn bí oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹni tó ń sá kìlómítà 25 lọ́sẹ̀ á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 24, kò tó oṣù mẹ́fà.

Ẹni tó ń sá kìlómítà 40 lọ́sẹ̀, bíi àwọn tó ń múra de eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 15 péré.

Ẹ ò rí i pé ẹni méjì lè ra irú bàtà kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ti ẹnì kan ti kú kí ti èkejì tó dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí "ọdún tó kọjá ni mo rà á" kò fi lè dáhùn ìbéèrè yìí.

BÍ ÈÈYÀN ṢE LÈ KA KÌLÓMÍTÀ

Ẹni tó ní fóònù ńlá lè lo áàpù tó ń ka eré sísá. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n ti lè kọ orúkọ bàtà sí, kí fóònù máa ro kìlómítà rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ kò dìgbà tí èèyàn bá ní áàpù. Ẹni tó ń sáré ní pápá ìṣeré, bíi èyí tó wà ní Obafemi Awolowo Stadium n'Ìbàdàn, kó rántí pé ìyípo kan ní ìlà tó wà nínú pátápátá jẹ́ mítà 400. Ìyípo méjì àbọ̀ di kìlómítà kan nìyẹn. Ẹni tó ń sáré láàárín àdúgbò lè ní kí ẹni tó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tí òǹkà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bá òun wọn ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan.

Tí èyí náà bá ṣòro, kó ka wákàtí. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 35 sá kìlómítà 5 á ti sá kìlómítà 600 láàárín wákàtí 70. Tó bá ń sá ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn, bàtà rẹ̀ á sì tó yẹ̀ wò ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá.

Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi bàtà náà sáré sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iyèméjì bá dé, ọjọ́ náà á wà níbẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ Ń HÀN LÁRA BÀTÀ

Bí ẹnì kan kò bá tiẹ̀ ka kìlómítà rárá, àwọn àyẹ̀wò kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé bàtà méjèèjì sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀yìn, kí ojú yín bá gìgísẹ̀ bàtà dọ́gba. Ó yẹ kó dúró ṣánṣán. Tó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rì, fóòmù apá ibẹ̀ ti fún tán nìyẹn.

Èkejì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Bàtà tuntun máa ń dán níbẹ̀. Tó bá ti ń gbó, ìlà tín-ín-tín-ín á máa hàn, bíi awọ iwájú orí ẹni tó dàgbà. Ìlà díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìlà náà ti jinlẹ̀, tó sì wà níbẹ̀ bí kò tiẹ̀ sí ẹsẹ̀ nínú bàtà, fóòmù kò wú padà mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí gìgísẹ̀ ń gbé àti ibi tí ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń gbé. Ó yẹ kí ọwọ́ wọlé díẹ̀ kó sì ta padà. Tó bá dà bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ pákó, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá ní òmíràn tí kò tíì gbó lè fi tẹ́lẹ̀ tẹ̀yìn tẹ̀ wọ́n wò, ìyàtọ̀ á hàn kíá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ di bàtà mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ lọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ. Bàtà tó ṣì lágbára á bá èèyàn du díẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bíi tàwàlì kò lè di ẹsẹ̀ mú mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo rọ́bà ìsàlẹ̀. Tí fóòmù funfun tàbí aláwọ̀ mìíràn bá ti yọjú níbi tó yẹ kí rọ́bà wà, ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bákan náà, tí àwọn ilà rọ́bà bá ti dán bíi táyà tó ti pá, yíyọ̀ ló kù, pàápàá lásìkò òjò.

Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán. Lára ọ̀pọ̀ bàtà, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá òde ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kó kọ èèyàn lóminú ni tí bàtà ẹsẹ̀ kan bá jẹ jìnnà ju ti èkejì lọ.

ÀMÌ TÍ ARA Ń FI HÀN

Ara máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò yí ibi tó ń sá padà, tí kò fi kún kìlómítà rẹ̀, tí kò sì sáré ju bó ṣe ń ṣe lọ, àmọ́ tí ojúgun, orúnkún tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń dùn ún lọ́jọ́ kejì tó bá sáré, bàtà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń dùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, ìfura náà á tún lágbára sí i.

Àmì mìíràn ni kí ẹsẹ̀ máa bó tàbí kó máa lé ròrò níbi tí kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ń fi hàn pé bàtà ti fẹ̀ tàbí pé ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan tún máa ń sọ pé àwọn ń gbọ́ ilẹ̀: òkúta kékeré tí wọn kì í mọ̀ lára tẹ́lẹ̀ ti wá ń gún wọn láti abẹ́ bàtà. Àmì gidi lèyí náà.

Síbẹ̀, ká sòótọ́, bàtà tó gbó nìkan kọ́ ló ń fa ẹsẹ̀ dídùn. Ẹni tó ń sá kìlómítà 10 lọ́sẹ̀, tó wá fò lọ sí 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí pé eré ìje ti ń sún mọ́lé, ara lè ro ó bó bá tiẹ̀ wọ bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsinmi dáadáa.

Ìkìlọ̀ kan ò ṣe é fò. Tí ìrora bá wà lójú kan ṣoṣo lórí egungun, tí ọwọ́ kò ṣe é fi kan ibẹ̀, tó sì ń dùn bí ẹni náà bá ń rìn jẹ́jẹ́ tàbí tó bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, kí ẹni náà dá eré dúró kó sì lọ sílé ìwòsàn. Egungun lè ti ń sán díẹ̀díẹ̀, bàtà tuntun kò sì lè wo ìyẹn sàn. Bẹ́ẹ̀ ni fífi òróró gbígbóná wọ́ ọ kì í ṣe ojútùú rẹ̀.

ÒKÌRÍKÀ Ń KỌ́?

Ọ̀pọ̀ tó ń sáré nílẹ̀ wa, òkìríkà ni wọ́n ń wọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àwọn kan ti rí bàtà tó ṣì dára gan-an rà lọ́jà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀ ni pé bàtà náà ti ní ìtàn kó tó dé ọwọ́ òun. Kìlómítà tí ẹni àkọ́kọ́ ti sá ò ṣe é kà. Bákan náà, fóòmù ti gba àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ ẹni yẹn. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ sínú, bàtà á máa fa ẹsẹ̀ ẹni tuntun sínú pẹ̀lú.

Ewu kejì ni ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ti ra bàtà tó dán gbinrin, tó jọ pé wọn ò wọ̀ rí, ṣùgbọ́n tí sóòlù rẹ̀ rún bíi bisikíìtì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ní ọlọ́jà ló lù wọ́n ní jìbìtì, bẹ́ẹ̀ ọlọ́jà gan-an lè má mọ̀. Ohun tó fà á ni pé fóòmù kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane wà nínú àwọn bàtà kan, omi inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń mú kó yá. Bó tilẹ̀ jẹ́ inú páálí ni bàtà náà wà, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́, á ṣì máa jẹrà. Ojú ọjọ́ tiwa níhìn-ín, tó móoru tó sì kún fún ọ̀rinrin, ni irú fóòmù bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ rárá.

Kí ni kéèyàn ṣe lọ́jà? Kí ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wà lókè yìí kó tó ná owó. Kó tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ bàtà pẹ̀lú èékánná. Tó bá ń rún tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kó gbé e kalẹ̀. Kó tẹ bàtà pọ̀ níwájú kó wò ó bóyá á là. Kó sì wo bébà kékeré tó wà lábẹ́ ahọ́n bàtà, níbi tí nọ́ńbà ẹsẹ̀ wà. Lára ọ̀pọ̀ bàtà, wọ́n máa ń kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, kó bi ara rẹ̀ dáadáa bóyá eré sísá ló fẹ́ fi ṣe.

ṢÉ ṢÙMÉKÀ Ò LÈ TÚN UN ṢE?

Àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó, iṣẹ́ wọn sì níbi tó dé. Sóòlù tó ṣí, wọ́n lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Aṣọ òkè tó ya, wọ́n lè rán an. Tí fóòmù àárín bá ṣì dára, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣe é ṣe, ó sì lè fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ ayé bàtà.

Ṣùgbọ́n fóòmù tó ti kú, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè jí i. Àwọn kan máa ń ra ìtẹ́lẹ̀ tuntun sínú bàtà, wọ́n á sì rò pé ó ti di tuntun. Ìtẹ́lẹ̀ náà lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, kò lè ṣe iṣẹ́ fóòmù tó nípọn ju òun lọ. Àwọn mìíràn máa ń ní kí wọ́n kan rọ́bà líle mọ́ ìsàlẹ̀. Bàtà á pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ á wúwo, á le, ìdúró rẹ̀ á sì yí padà. Ó dára fún ọjà àti ilé ìjọsìn. Kò dára fún kìlómítà mẹ́wàá.

BÍ BÀTÀ ṢE LÈ PẸ́ DÁADÁA

Ohun àkọ́kọ́ ni kí bàtà ìsáré má ṣe ju bàtà ìsáré lọ. Ẹni tó fi ń lọ ṣíbi iṣẹ́, tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tó tún fi ń lọ sọ́jà, ń ná fóòmù rẹ̀ níbi tí kò sí èrè.

Èkejì, oòrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ bàtà tán, ọ̀pọ̀ á sá a sórí páànù tàbí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ta ganrínganrín. Ooru yẹn ń ba fóòmù àti gọ́ọ̀mù jẹ́. Bákan náà ni búùtù ọkọ̀ tó wà lábẹ́ oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lábẹ́ òjìji ni kí wọ́n sá a sí. Tó bá tutù púpọ̀, kí wọ́n ki bébà ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kó fa omi náà mu.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Kí wọ́n má ṣe jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tú okùn kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ gìgísẹ̀ èkejì láti fi bọ́ bàtà ń wó ẹ̀yìn bàtà náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè ní oríṣi bàtà méjì kó máa wọ̀ wọ́n ní ìdàkejì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Luxembourg tẹ̀ lé àwọn sárésáré 264 fún ọ̀sẹ̀ 22. Àwọn tó ń pààrọ̀ láàárín oríṣi bàtà ju ẹyọ kan lọ fara pa níwọ̀n ìdá 39 nínú 100 dín sí àwọn tó ń wọ ẹyọ kan ṣoṣo. Owó bàtà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó bá jẹ́ òun nìkan lò ń lò, torí wọ́n á jọ pín kìlómítà náà ni.

ABEBE BIKILA KÒ ṢÁÀ WỌ BÀTÀ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń sáré. Òótọ́ ni. Ọmọ Ethiopia náà kò wọ bàtà nígbà tó gba góòlù nínú eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní Olympics ìlú Rome lọ́dún 1960. Àmọ́ ẹsẹ̀ lásán ti mọ́ ọn lára kó tó dé ibẹ̀, egungun àti iṣan rẹ̀ sì ti gbó fún un. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé nígbà tó tún gba góòlù ní Tokyo lọ́dún 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bàtà tó kú kò sì dà bí ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó ń sáré láìwọ bàtà ń mọ ilẹ̀ lára, á sì rọra gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà tó kú ṣì ń gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ní tìmùtìmù nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ tìmùtìmù ọ̀hún ti lọ.

TÍ ERÉ ÌJE BÁ KÙ SÍ DẸ̀DẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ bàtà tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ eré ìje. Kìlómítà 42.195 kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ pé bàtà fún mọ́ èékánná. Tí bàtà tó wà nílẹ̀ bá ti ń sún mọ́ òpin rẹ̀, kí wọ́n ra tuntun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n fi sáré kúkúrú mélòó kan, kí wọ́n sì fi sáré gígùn kan ó kéré tán. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, bó ṣe máa ń wú nínú eré náà nìyẹn. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù.

KÍ NI KÍ WỌ́N FI BÀTÀ TÓ TI GBÓ ṢE?

Bàtà tó kú fún eré kò tíì kú fún ìrìn. Ó ṣì lè lọ sọ́jà, sóko, tàbí kó máa báni fọ ọkọ̀.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra ni fífún ọmọdé tó ń sáré. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà ìsáré tó ti sá fún ọdún méjì, kó fún àbúrò rẹ̀ tó ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ lásìkò íńtà-háòsì. Inú rere ló wà nídìí ẹ̀, àmọ́ egungun ọmọ náà ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló sì wà nínú bàtà náà. Kó fi lọ síléèwé, kó fi jíṣẹ́, kò léwu. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi sáré, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bàtà náà sórí tábìlì, kí wọ́n tẹ fóòmù rẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Tí kò bá yege, kí wọ́n wá òmíràn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, níwọ̀n ìgbà tí fóòmù rẹ̀ bá ṣì ń ta padà.